Táyà wo ni kí n rà sí Corolla mi, kí ó tó tún yọ̀ lábẹ́ mi ní títì Ṣàgámù?

Olùbéèrè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Corolla ọdún 2006 ni mò ń wà láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣàgámù láàárọ̀, tí mo sì ń wà padà wálé nírọ̀lẹ́, ọjọ́ 5 láàárín ọ̀sẹ̀. Oṣù 7 sẹ́yìn ni mo ra táyà tókúnbọ̀ 2 sí iwájú ọkọ̀ náà. Ní Sátidé tó kọjá, mo yí sítíárìn dé òpin kí n lè fọ ẹ̀yìn wíìlì, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé etí inú táyà ọwọ́ òsì ti jẹ débi pé wáyà ti ń yọjú, bẹ́ẹ̀ ni etí ìta rẹ̀ ṣì dára bí ẹni pé àná ni mo rà á. Gbogbo ìgbà tí mo ń kọjá lára ọkọ̀ náà, etí ìta yìí nìkan ni mò ń rí.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì dúró lójú títì nígbà tí mo ku díẹ̀ kí n dé Òdògbólú, bí mo sì ṣe wọ inú omi náà, sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ohun tí kò so mọ́ nǹkan kan, ọkọ̀ náà sì ń fì lọ sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ àjàgbé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ó tó padà di títì mú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ ríìmù 15 tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí n fi ríìmù 16 àti táyà 205/55 sí i, pé táyà fífẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ti táyà tuntun 2 lọ. Kí ni kí n ṣe?

Fọkanáísà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ewu o, ẹ̀gbọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ra táyà kankan, nítorí ohun tó jẹ táyà yẹn ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ yín, ebi sì tún ń pa á. Bí ẹ bá gbé tuntun fún un, yóò jẹ òun náà.

Ọdún 17 rè é tí mo ti ń tú táyà, bí táyà bá sì ti dé iwájú mi, mo máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọkọ̀ tí ó ti wá. Bí àárín rẹ̀ bá jẹ tí etí méjèèjì wà, atẹ́gùn ti pọ̀ jù fún un. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín wà, atẹ́gùn kò tó. Bí ó bá jẹ ní kòtò-kòtò yíká, bí ọṣẹ tí eku gé jẹ, ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ lọ wò. Etí kan ṣoṣo tó jẹ yìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kò dúró bó ṣe yẹ.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú táyà ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí wáyà kò tíì yọ lára rẹ̀ (wáyà táyà máa ń gún ni bí abẹ́rẹ́, mo ní àpá rẹ̀ lọ́wọ́), kí ẹ rọra fà á láti etí ìta wá sí inú, kí ẹ sì tún fà á padà láti inú lọ sí ìta. Bí ó bá ń lọ geere ní ìrìn kan, tí ó wá ń họ yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn ní ìrìn kejì, a jẹ́ pé táyà iwájú méjèèjì kò kọjú sí ibì kan náà. Ọ̀kan ń wọ́ èkejì tuuru lójú títì ni. Ibi tí ẹ bá fi sí náà ni kí ẹ wá sọ fún wa.

Olùbéèrè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo ti ṣe é. Láti ìta wá sí inú, ó ń họ mí lọ́wọ́. Láti inú lọ sí ìta, ó ń lọ geere.

Mẹkáníìkì (Ṣàgámù)

A jẹ́ pé táyà iwájú ti ṣí síta nìyẹn, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, etí inú ló sì máa ń jẹ irú ẹ̀. Ẹ má sáré lọ ṣe àláìmẹ́ǹtì (títún ojú táyà ṣe kí wọ́n lè kọjú sí ibì kan náà) ṣáá o. Kì í kàn dédé ṣí síta.

Lábẹ́ Corolla yín, ámù kan ló di ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan mú. Bọ́ọ̀ṣì onírọ́bà 2 ló so ámù náà mọ́ ara ọkọ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ wíìlì. Bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò títí, rọ́bà bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn yóò ya. Tí ó bá ti ya, ọkọ̀ yóò dúró dáadáa lórí ẹ̀rọ àláìmẹ́ǹtì nítorí pé kò sí ohun tó ń tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ojú títì tí ẹ tẹ bíréèkì, ámù yóò sún sẹ́yìn, táyà yóò sì yí ojú síbòmíràn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń ṣe àláìmẹ́ǹtì lónìí tí wọn yóò tún padà wá ráhùn lóṣù tó ń bọ̀, tí wọn yóò sì sọ pé kọ̀ǹpútà wa ló ń purọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì gbé e lé ohun tó dúró gírígírí kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ di wíìlì mú, ọwọ́ kan lókè, ọwọ́ kan nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bí ó bá ń dún kì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bẹ́árìn ni. Kí ẹ tún gbé ọwọ́ sí òsì àti ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ mì ín bákan náà. Bí ó bá ṣe kì níbẹ̀, orí táì rọ́ọ̀dù, irin tí sítíárìn fi ń yí wíìlì, ni. Ní ti bọ́ọ̀ṣì, mẹkáníìkì yóò fi irin pẹlẹbẹ tì í, yóò sì fi tọ́ọ̀ṣì wo bóyá rọ́bà rẹ̀ ti ya. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì bóyá ọ́ìlì ti ń jò sí ara rẹ̀. Méjì-méjì ni a máa ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, òsì pẹ̀lú ọ̀tún, nítorí pé tuntun kan àti ògbólógbòó kan lórí ẹsẹ̀ iwájú kan náà yóò mú kí ọkọ̀ máa ṣe ségesège ní kọ́nà.

Ẹ̀yìn Corolla yìí wá ńkọ́? Igi kan ṣoṣo ló gba abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kò sì sí nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe síbẹ̀ fún títún ojú táyà ṣe. Ẹni tó bá gba owó àláìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn lọ́wọ́ yín, ẹ bi í ní nọ́ọ̀tì tó fẹ́ yí.

Olùkọ́ (Agó-Ìwòyè)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ríìmù 16 náà, nítorí pé ìṣirò ló wà níbẹ̀, ìṣirò náà kò sì le.

Ọ̀pọ̀ Corolla ìgbà náà ló ń lo 195/65R15. Ẹ wo sítíkà tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ó lè dá yín lójú. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn mílímítà 126.75. 15 ni ríìmù ní ínǹṣì, èyí tó jẹ́ mílímítà 381. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ríìmù, gíga gbogbo táyà yóò jẹ́ mílímítà 634.5. Ẹ ṣe irú ìṣirò kan náà fún 205/55R16, ẹ óò rí 631.9. Ọ̀rẹ́ yín kò ṣìnà níbí: ìyàtọ̀ wọn kò tó mílímítà 3, aago ọkọ̀ kò sì ní purọ́ fún yín nípa eré tí ẹ ń sá.

Ibi tí mo ti yapa sí i ni pé ẹ̀gbẹ́ táyà 16 náà fi mílímítà 14 kúrú ju ti 15 lọ. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìrọ̀rí tó wà láàárín kòtò àti ríìmù. Lójú títì tó tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ kúkurú máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè gbọ́ràn sí sítíárìn, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó bá mọ inú àdúgbò wa mọ̀ pé kí ènìyàn tó dé títì márosẹ̀, ó ti já sí kòtò mélòó. Ríìmù yóò tẹ̀, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ táyà yọ kókó. Èkejì ni pé táyà tó fẹ̀ ní omi púpọ̀ láti tì kúrò níwájú rẹ̀, nítorí náà kò lè wo ohun tó ṣe yín lọ́jọ́ òjò sàn. Ilà ojú táyà ni ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lábẹ́ rẹ̀. Bí ilà bá ti tán, omi kò rọ́nà lọ, yóò sì gbé táyà sókè kúrò nílẹ̀; ìdí nìyẹn tí sítíárìn fi fúyẹ́.

Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó tẹ̀lé e pẹ̀lú. Nínú 91H, 91 ni ẹrù tí táyà kan lè gbé, kílò 615. H ni eré tí kò gbọdọ̀ kọjá, kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Ẹ má gba nọ́ńbà ẹrù tó kéré ju ti sítíkà ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT lára táyà, kí ẹ ka nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa máa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà kọjá ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Nínú oòrùn tiwa, mo gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí tókúnbọ̀, yàtọ̀ sí pé òfin kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n kó o wọlé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ táyà yìnyín. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ óò rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín kan wà láàárín rẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ nítorí òtútù ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Lójú ọ̀dà gbígbóná tiwa níbí, yóò máa yí mọ́ra bí ẹ̀kọ tútù ní kọ́nà, yóò sì tètè jẹ.

Oníṣòwò Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn. Irú ọkọ̀ kan náà ni mò ń lò, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀ bí mo bá kó gàrí. Wọ́n bá mi fi rọ́bà há àárín sípíríǹgì ẹ̀yìn kí ó lè ga. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti gba kọ́nà, ńṣe ni ìdí ọkọ̀ náà ń jó. Ṣé rọ́bà náà ni?

Mẹkáníìkì (Ṣàgámù)

Rọ́bà náà ni, Mọ̀mọ́. Sípíríǹgì kò ráyè ṣiṣẹ́ mọ́, ṣọ́ọ̀kì sì ti na ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ yọ ọ́. Kí ẹ sì ka sítíkà ilẹ̀kùn náà. Ti ọkọ̀ mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo èrò àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 385 lọ. Èrò 3 àti àpò gàrí 4 lè jẹ ẹ́ tán. Tí ẹrù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, yóò dín owó táyà kù fún yín.

Awakọ̀ (Ìkẹ́nnẹ́)

Olùbéèrè, bí ẹ bá ra tuntun 2 yẹn, iwájú ni kí ẹ fi sí o. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé táyà iwájú ni kò gbọdọ̀ bẹ́. Èyí tí kò dára tó, ẹ kó o sẹ́yìn.

Olùkọ́ (Agó-Ìwòyè)

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe é sódì nìyẹn, èmi náà ṣe é sódì fún ọdún mélòó kan. Ẹ̀yìn ni tuntun yẹ kó wà, kódà nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà bíi Corolla. Nígbà tí iwájú bá yọ̀ nínú omi, ọkọ̀ yóò máa lọ tààrà, ẹ óò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ sítíárìn, ẹ óò rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, yóò sì padà wálẹ̀, bó ṣe ṣe olùbéèrè wa gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá yọ̀, kò sí ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ìdí ọkọ̀ yóò ti yí wá síwájú kí ẹ tó mọ̀, gbígbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná yóò sì tún bà á jẹ́ sí i.

Ní ti bíbẹ́, ogbó, atẹ́gùn tí kò tó àti kòtò ló ń bẹ́ táyà. Táyà tí ẹ bá rò pé ó lè bẹ́, kò yẹ kó wà níwájú, kò sì yẹ kó wà lẹ́yìn. Kò yẹ kó wà lára ọkọ̀ rárá.

Awakọ̀ (Ìkẹ́nnẹ́)

Mo gbọ́ o. Mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Awakọ̀ Èrò (Ìpẹru)

Ẹ ti fẹ́ gbàgbé atẹ́gùn. Mo ti rí àwọn awakọ̀ tó máa ń ní kí wọ́n dín atẹ́gùn kù nítorí oòrùn ọ̀sán, pé kí táyà má baà bẹ́. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó yóò máa ká, yóò máa nà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí, bí irin tí ènìyàn ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn títí yóò fi gbóná tí yóò sì kán. Ẹ gééjì rẹ̀ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, sí iye tí sítíkà ilẹ̀kùn kọ. Ti èmi kọ 30 PSI. Kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, bíi 44 tàbí 51, nítorí pé èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn. Bí ẹ bá wọn ọ́n lẹ́yìn ìrìn jíjìn tí ẹ rí i pé ó ti lé, ẹ má tú u sílẹ̀, ooru ló gbé e sókè. Ẹ ra géèjì tiyín sínú ọkọ̀. Fọkanáísà, ẹ má bínú sí mi.

Fọkanáísà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Èmi kò bínú. Géèjì mi gan-an ti jábọ́ lẹ́ẹ̀mélòó.

Olùbéèrè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo padà dé o, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3. Bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ámù òsì ti ya já, ó kù díẹ̀ kí irin àárín rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ mẹkáníìkì. A pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ méjèèjì àti orí táì rọ́ọ̀dù òsì, lẹ́yìn náà ni mo ṣe àláìmẹ́ǹtì. Táyà tókúnbọ̀ tí mo bọ́ kúrò níwájú ní àwòrán òkè àti yìnyín náà lára, DOT rẹ̀ sì jẹ́ 3816. Ojú tì mí, nítorí pé èmi ni mo yàn án láàárín táyà tó lé ní 20, torí pé ó ń dán.

Mo ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ilà táyà ẹ̀yìn tó wà tẹ́lẹ̀, mo fi èékánná sàmì sí i, mo sì gbé e lé rúlà ọmọ mi: mílímítà 5 ni. Níwọ̀n bí igi kékeré tó wà nínú ilà ti sọ pé mílímítà 1.6 ni òpin, mo kó àwọn wọ̀nyẹn wá síwájú, mo sì ra 195/65R15 91H tuntun 2 sí ẹ̀yìn. Ríìmù 15 mi wà níbẹ̀. Òjò rọ̀ ní Ọjọ́rú, mo rọra wọ inú omi Òdògbólú kan náà, sítíárìn kò fúyẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun kan ló kù: bí mo bá ti dé kìlómítà 100, sítíárìn máa ń gbọ̀n. Bí mo bá dín in kù sí 80, yóò dákẹ́. Kí ló dé?

Fọkanáísà (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ṣé ẹ ṣe bálánsì (mímú kí ìwúwo wíìlì dọ́gba yíká) lẹ́yìn tí ẹ kó ti ẹ̀yìn wá síwájú? Kí ẹ tó sanwó rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ríìmù iwájú, ní ìhà inú.

Olùbéèrè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Amọ̀ pupa àdúgbò wa ló gbẹ mọ́ inú ríìmù ọ̀tún, ó nípọn bí àkàrà. Mo fi igi gbo ó kúrò, mo fi omi fọ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí mo dé 100, kò gbọ̀n mọ́.